Ìyàwó wa ò gbé fóònù mi mọ́ látìgbà tọ́mọ ti wọ ọsibítù

Ìsánlú ní ìpínlẹ̀ Kogí ni lẹ́tà yìí ti wá. Mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ kúrò níbẹ̀:

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin, ọmọbìnrin ọdún méje, ni wọ́n sọ pé ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ìlọrin ni wọ́n wà, ó ti lé lóṣù kan. Ìyàwó wa ló wà lọ́dọ̀ ọmọ, àbúrò mi ń lọ ń bọ̀ láti Lọ́kọ́ja níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọkùnrin méjì yòókù wà lọ́dọ̀ màmá wa nílé níbí. Mo máa ń pe ìyàwó wa láàárọ̀, mo tún máa ń pè é lálẹ́, mo ń sọ fún un pé Ọlọ́run á ṣe é, kó má sunkún. Lọ́jọ́ kan ló bá jágbe mọ́ mi, ó ní 'Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀,' látọjọ́ yẹn kò gbé fóònù mi mọ́. Èmi ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀! Màmá wa tún ní ká gbé ọmọ wálé, pé kímò, oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń fún un, ti jẹ́ kí orí ọmọ pá, pé bàbá kan wà tí agbo ẹ̀ dáa. Kí ni kí n ṣe?"

Òkun o, àbúrò mi. Ẹ kú ìrọ́jú o, Ọlọ́run á wo ọmọ náà sàn. Ṣó o rí i, èmi náà ti sọ ọ́ báyìí, bó ṣe máa ń bọ́ lẹ́nu wa nìyẹn, àdúrà ò sì burú. Àmọ́ ka iye èèyàn tó ń sọ ọ́ fún ìyàwó yín lójúmọ́ kan: ìwọ láàárọ̀, ìwọ lálẹ́, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ará ilé tiẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń tajà, gbogbo wọn ló sì máa kọ́kọ́ bi í pé "ara ọmọ ńkọ́?" kí wọ́n tó gbàdúrà, òun á wá máa ròyìn látìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà, omi tí wọ́n fi sí i lára, èébì, ìgbà tó sùn, ìgbà tó jí, lórí àga kan tí èèyàn ò lè nà sí, fóònù ẹ̀ sì ti ku 6%. Kì í ṣe ìwọ gan-an ló jágbe mọ́, ìwọ lo kàn bọ́ sí i lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ, gbé e sórí àjà ná.

Kó o má baà rò pé bíbú ni mò ń bú ẹ, jẹ́ n sọ tèmi. Nígbà kan tọ́mọ ọ̀rẹ́ mi dùbúlẹ̀ àìsàn ní Kàbà, èmi àtàwọn ìyá ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwa méje, a kó ra wa lọ kí i ní wọ́ọ̀dù, a wọ aṣọ ẹgbẹ́, a kọrin, a jókòó fún wákàtí méjì gbáko. Ìyá ọmọ yìí dìde, ó lọ ra mínírà fún wa. A sì mu ún! Èmi tiẹ̀ ní malt ni mo fẹ́. Ó tó ọdún mélòó kan kó tó sọ fún mi pé owó abẹ́rẹ́ alẹ́ ọjọ́ yẹn ló fi ra mínírà, pé lọ́wọ́ ìyá ọmọ tí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn ló ti lọ yá owó. Títí dòní mi ò lè mu malt kí n má rántí.

Nítorí náà, fi pípè sílẹ̀. Voice note kékeré ni kó o máa fi ránṣẹ́, má bi í ní ohunkóhun níbẹ̀. "Ìyàwó wa, mo ti san owó ilé ìwé àwọn ọmọ, àbíkẹ́yìn jẹun, ó ti sùn, má wulẹ̀ dá mi lóhùn." Ó tán. Kẹ́ ẹ wá yan ẹnì kan ṣoṣo tí á máa gbọ́ ìròyìn lẹ́nu àbúrò ẹ, kí gbogbo ẹbí tó kù máa gbọ́ lẹ́nu onítọ̀hún, ó dà bíi pé ìwọ ló yẹ kó jẹ́. Nǹkan mìíràn tún ni gbólóhùn yẹn tí gbogbo wa fẹ́ràn, "tó o bá nílò nǹkan, sọ fún mi o." Ẹni tí orí ẹ̀ ti dàrú lo tún ní kó jókòó ro ohun tó fẹ́, kó tún wá tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ! Kò ní sọ ọ́ láéláé. Sọ fún un pé ọ̀la ni mò ń bọ̀, ṣé ẹ̀wà ni kí n sè ni àbí ọbẹ̀ lásán.

Ohun tí mo wá fẹ́ kó yé ẹ jù rèé. Irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù lára ọmọdé, èyí tí àwọn dọ́kítà ń pè ní ALL, ọdún 2 sí 3 ni ìtọ́jú ẹ̀ sábà máa ń gbà. Bi àbúrò ẹ bóyá òun náà ni wọ́n sọ fún wọn. Inú mùdùnmúdùn eegun ló ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, àwọn èyí tó ti bàjẹ́ á pọ̀ débi pé ẹ̀jẹ̀ gidi ò ráàyè mọ́. Láti oṣù kìíní ni kímò ti máa ń lágbára, tó bá sì ṣiṣẹ́, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò ní rí i mọ́, ọmọ á máa ṣeré, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ á kún, gbogbo ẹbí á ṣọpẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà o! Èyí tó sá pa mọ́ ṣì wà níbẹ̀, tí wọ́n bá dá oògùn dúró, á padà wá, èyí tó bá sì padà wá máa ń le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tí kímò tó lágbára yẹn bá parí, ló kan oògùn oníhóró tí á máa lò nílé lójoojúmọ́, fún oṣù tó pọ̀, kí wọ́n sì máa padà lọ gba abẹ́rẹ́, kí wọ́n máa ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ó dájú pé nígbà yẹn àwa tá a sáré lóṣù kìíní ti padà sóko wa, kò ní sí ẹni tó máa rántí pé tọkọtaya yìí ṣì ń wọkọ̀ lọ Ìlọrin.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ má ná gbogbo agbára yín tán báyìí. Ẹ ṣe é bí èsúsú. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni mẹ́wàá nínú ẹbí tó lè máa mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà wá lóṣooṣù, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta nìyẹn, tí á máa wọlé ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù, ó sàn fún wọn ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba tó dé lẹ́ẹ̀kan tí kò sì sí mọ́. Ẹ má tún máa bi wọ́n báwo ni wọ́n ṣe ná an o, torí mo mọ ẹbí wa. Owó mọ́tò ń bẹ níbẹ̀, oúnjẹ ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ ń bẹ níbẹ̀, tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ní kí wọ́n lọ ṣe níta ń bẹ níbẹ̀. Kí àbúrò ẹ lọ bá àwọn social worker ní ọsibítù náà, ọ̀pọ̀ ọsibítù ńlá ló ní wọn, kó bi wọ́n nípa inṣọ́ránsì ìlera, ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ Kogí, kó mọ èyí tó lè gbé díẹ̀ nínú owó náà. Àwọn ọkùnrin wa máa ń tijú irú ìbéèrè yìí, wọ́n á kúkú lọ ta ilẹ̀. Kó béèrè kó tó ta nǹkan kan.

Ó wá ku màmá. Má bá a jà, ẹ̀rù ló ń ba màmá. Orí ọmọ ọmọ ẹ̀ pá, ta ni á rí i tí àyà ẹ̀ ò ní já? Ṣàlàyé fún wọn pé ohunkóhun tó bá ń yára dàgbà nínú ara ni kímò ń kọlù, jẹjẹrẹ ń yára dàgbà, irun náà ń yára dàgbà, awọ inú ẹnu náà bẹ́ẹ̀, òun ló fà á tí irun fi já, tí ẹnu ọmọ á máa ta á. Tí wọ́n bá parí, irun á hù. Nípa ti agbo, sọ fún wọn pé ẹ̀dọ̀ tó ń gbé kímò náà ni á gbé agbo, ẹrù méjì lórí ẹnì kan, ọmọ ọdún méje! Omi agbo tí wọn ò sè dáadáa sì lè gbé kòkòrò wọ ara tí kò lágbára láti bá a jà. Tí ẹnikẹ́ni bá ti fún ọmọ ní nǹkan mu, ẹ má fi pa mọ́ fún dọ́kítà. Kó o wá jẹ́ kí màmá mọ èyí pẹ̀lú: àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, ó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ tó ń yè é, àmọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa kò tó 30. Lára ohun tó fà á ni pé wọn kì í tètè gbé ọmọ wá, oògùn ò sì sí tó, àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n gbé ọmọ kúrò láàárín ìtọ́jú, nígbà tówó tán tàbí nígbà tára ọmọ ti ń dán. Màmá ò ní fẹ́ kí ọmọ ọmọ òun wà lára àwọn yẹn. Kó o wá fún wọn níṣẹ́ ṣe, àgbàlagbà tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ báyìí ló máa ń wá bàbá alágbo kiri. Kí wọ́n máa gbàdúrà, kí wọ́n máa se ọbẹ̀ ránṣẹ́, kí wọ́n máa pe ọmọ lórí fídíò kí wọ́n pàlọ́ fún un. Ẹni tó bá ń sọ pé "ayé ló ṣe é," ẹ má jókòó tì í rárá.

Tí wọ́n bá ti ń gbé ọmọ wálé, ẹ ra tẹ̀mómítà. Ìgbàkigbà tí ara ẹ̀ bá gbóná dé 38, kì í ṣe ibà tí à á sọ pé ká dúró di àárọ̀, ọ̀rọ̀ ká sáré ni. Ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá kòkòrò jà ti lọ sílẹ̀, láàárín wákàtí díẹ̀ nǹkan lè yí padà. Ẹ má fi parasitamọ́ọ̀ bò ó mọ́lẹ̀ láì tíì pe dọ́kítà, ẹ má jẹ́ kí oníkẹ́míìsì gún un lábẹ́rẹ́ ìdí, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè má tètè dá, ẹ má fún un ní aspirin. Ọ̀nà Ìsánlú sí Ìlọrin, láti Ẹ̀gbẹ̀ bọ́ sí Èrúkù, Òmù-Àrán, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ọ̀nà téèyàn ń gbà lóru nísinsìnyí. Kí wọ́n tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, kí wọ́n bi dọ́kítà pé tó bá di òru, ibo la máa kọ́kọ́ sá lọ, ṣé ọsibítù ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀ ni, kó sì kọ ìwé sílẹ̀ tí wọ́n máa fi hàn níbẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ìwọ̀nyí tí mo ti ń sọ lọ, mi ò mọ ìdí tí mo fi gbé e sísàlẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Tí wọ́n bá fi ẹ̀jẹ̀ sára ọmọ, wọ́n sábà máa ń ní kí ẹbí mú ẹni tó máa fi dípò wá. Àwọn ọmọ Ìsánlú tó wà ní Ìlọrin ni kẹ́ ẹ wá, àwọn ọ̀dọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ń kàwé ní yunifásítì, kẹ́ ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, torí ọkùnrin ní láti sinmi bí oṣù mẹ́ta kó tó tún fún èèyàn lẹ́jẹ̀, obìnrin oṣù mẹ́rin. Apá inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá, tí wọ́n bá fà á pa mọ́, kì í ju bí ọjọ́ 5 lọ kó tó bàjẹ́, nítorí náà ẹni tó wà nítòsí ló wúlò, kì í ṣe ẹni tó wà lÁbújá tó ń sọ pé òun múra tán.

Àwọn ọmọkùnrin méjì yẹn, mo gbọ́ pé wọ́n wà lọ́dọ̀ màmá àmọ́ o ò sọ ohunkóhun nípa wọn. Ẹ má pa irọ́ pé ọmọ ìyá wọn lọ kí ẹnì kan. Ẹ sọ fún wọn pé àìsàn ni, kì í ràn, kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe ló fà á. Èyí tó dàgbà á ti máa rò ó nínú pé torí òun lù ú lọ́jọ́ yẹn ni, ọmọdé máa ń rò báyẹn. Kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí ilẹ̀ bá mọ́ tí wọn ò fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ọmọ fúnra ẹ̀, tó bá bi ẹ́ pé ṣé irun òun á hù, sọ pé á hù. Tó bá bi ẹ́ pé ṣé abẹ́rẹ́ ọ̀la á dun òun, má sọ pé kò ní dùn ún. Nínú oògùn tí wọ́n ń fún un, ọ̀kan wà tó máa ń jẹ́ kí ebi máa pa wọ́n ṣáá, tí wọ́n á máa bínú láìnídìí, tójú wọn á wú. Tó bá fẹ́ jẹ iyán láago méjì òru, ìwọ lo máa gbé e fún un o, ṣùgbọ́n kó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún.

Wàyí o, Sátidé tó ń bọ̀, wọkọ̀ àárọ̀. Ìwọ nìkan, má kó ẹgbẹ́ lẹ́yìn. Tó o bá ní kátá, dúró sílé, kó o rán ẹlòmíràn. Tó o bá débẹ̀, fọwọ́ ẹ pẹ̀lú ọṣẹ kó o tó wọlé, má bèèrè ìdí tí ò fi gbé fóònù, sọ fún ìyàwó wa pé kó lọ wẹ̀, kó sùn títí di ìrọ̀lẹ́, ìwọ wà lọ́dọ̀ ọmọ. Ó ṣeé ṣe kó sunkún, ó ṣeé ṣe kó má sọ nǹkan kan, èyíkéyìí ló dáa. Kó o sì ra power bank dání, kó o fi í sílẹ̀ fún un tó o bá ń bọ̀.