Ọmọ mi ní káfíńtà lòun fẹ́ ṣe, iléèwé wo ni kí n fi sí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ parí JSS3, ó ní iṣẹ́ káfíńtà ló wu òun, òun ò fẹ́ lọ SS1. Bàbá ẹ̀ ní ká fi í sọ́dọ̀ ọ̀gá kan ládùúgbò wa, àbúrò mi ní technical college ló dáa, ẹnìkan tún júwe ibì kan fún mi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ lóṣù mẹ́ta pẹ̀lú sàtífíkéètì. Èwo ni kí n mú? Ìyá Ọmọ, Ìkòròdú.

ÌDÁHÙN: Màmá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Inú mi dùn gan-an pé ẹ ò lé e kúrò nídìí iṣẹ́ yìí.

Technical college ni kẹ́ ẹ mú. Ìparí JSS3 gan-an ni wọ́n ń gba ọmọ, ọdún mẹ́ta ni, ìdánwò NABTEB, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, ni wọ́n sì máa ń ṣe gbẹ̀yìn, àjọ náà ti wà láti 1992. Tó bá wù ú lọ́la láti lọ poly, èsì yẹn náà ni yóò fi wọlé, tó bá ti ní kírẹ́díìtì tí wọ́n ń béèrè. Oṣù mẹ́ta yẹn dáa fún ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ti mọ iṣẹ́ tó kàn fẹ́ fi kíṣìn kábínẹ́ẹ̀tì kún un, àmọ́ ọmọ tí ò di ayùn mú rí, kò tó o rárá.

Tẹ́ ẹ bá dé technical college, ẹ béèrè èwo gan-an ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ o, torí NABTEB ya Carpentry and Joinery sọ́tọ̀, ó ya Furniture Making sọ́tọ̀. Ti àkọ́kọ́ ni òrùlé, síílì, ilẹ̀kùn, fèrèsé àti pákó tí wọ́n fi ń da kọnkéré, èkejì ni bẹ́ẹ̀dì, àga, tábìlì, wọ́dúróòbù. Ẹ bi ọmọ yín èyí tó wù ú. Ìjọba Èkó ní technical college tiwọn ní Ìkòròdú yín níbẹ̀, wọ́n ní ní Ìkọ̀tún àti Agídìngbí náà, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé gbogbo iṣẹ́ ló wà ní gbogbo ibẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ lọ wo wọ́kíṣọ́ọ̀bù wọn lọ́jọ́ tíṣẹ́ ń lọ, ẹ mú ọmọ náà dání. Ṣé àwọn ọmọ ló ń gé igi àbí tíṣà nìkan ló ń gé e táwọn yòókù kàn ń wò? Ẹ ní kí wọ́n fi àga táwọn ọmọ ṣe hàn yín, kẹ́ ẹ dà á délẹ̀, kẹ́ ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ ti pàdé ìjókòó. Tó bá jẹ́ pé wọ́n gbẹ́ ihò sára ẹsẹ̀, tí wọ́n wá gé ẹnu igi kejì ṣe ahọ́n tó wọnú ihò yẹn tó sì há dáadáa, a jẹ́ pé wọ́n ń kọ́ wọn níṣẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìṣó lásán ni wọ́n kàn ń gbá mọ́ ọn káàkiri, ẹ máa lọ síbòmíì. Ẹ béèrè lórí igi gbígbẹ náà. Wọ́dúróòbù tí wọ́n fi igi tútù kàn nígbà òjò, tí ọyẹ́ bá dé igi yẹn á sún kì, ojú oríkèé á là, oníbàárà á sì pè yín padà. Ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ìyẹn, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ìrókò yàtọ̀ sí apá àti arère.

Ẹ̀rọ tí ń gé igi tí kò ní ìbòrí lórí ayùn ẹ̀, tí ẹnì kankan ò sì lo gọ́gùsì níbẹ̀, ẹ má fọmọ yín síbẹ̀ láé, bó ti wù kí fíìsì wọn kéré tó. Ìka ni káfíńtà fi ń jẹun.

Ti bàbá ẹ̀ náà ò sọnù o. Tí wọ́n bá ti gba họlidé, kó lọ máa bá ọ̀gá àdúgbò yẹn ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló ti máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń díye lé iṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń ra pákó ní sọ́míìlì láìjẹ́ kí wọ́n rẹ́ni jẹ àti bí wọ́n ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ẹ kàn bá ọ̀gá náà sọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé iléèwé ló ṣáájú.