Ford Model T dúdú tó ní rédíétọ̀ idẹ: ọdún wo ni wọ́n ṣe é, báwo ni wọ́n sì ṣe ń wà á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìlú Houston ni mò ń gbé. Ẹnìkan fẹ́ ta Ford Model T dúdú kan fún mi, rédíétọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ idẹ. Ó ní ọdún 1912 ni wọ́n ṣe é, àti pé irú rẹ̀ ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu. Ṣé òótọ́ ni? Ọkọ̀ tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo mọ̀ ọ́n wà. Ṣé màá lè wa èyí?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọdún, torí ibẹ̀ ni ẹni tó ń tajà ti lè bu owó lé e. Láti 1914 títí di 1925, dúdú nìkan ni Ford ń kun Model T. Kó tó di ìgbà náà, àwọn àwọ̀ bí ewé, pupa àti búlúù ni wọ́n máa ń ní. Rédíétọ̀ idẹ, ní tirẹ̀, kò sí mọ́ láti orí àwọn ọkọ̀ ti ọdún 1917. Dúdú àti idẹ lára ọkọ̀ kan ṣoṣo, nígbà náà, ń tọ́ka sí àárín 1914 sí 1916, àfi tí ẹnìkan bá ti tún un kùn. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo ọkàn tẹ̀ lé e, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí ni wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì wọn.

Model T kọ́ ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu. Ilé iṣẹ́ Olds ti ń ṣe ọkọ̀ kékeré kan ní Michigan lọ́pọ̀lọpọ̀ láti 1901, nígbà tí Model T kò jáde títí di oṣù kẹwàá 1908. Ohun tí Ford ṣe ni pé, ní 1913, ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Highland Park, ó jẹ́ kí ọkọ̀ máa lọ bá òṣìṣẹ́ níbi tó dúró sí, dípò kí òṣìṣẹ́ máa rìn yí ọkọ̀ ká. Àkókò tí wọ́n fi ń to ìsàlẹ̀ ọkọ̀ pọ̀, tó ju wákàtí méjìlá lọ tẹ́lẹ̀, já wálẹ̀ sí nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀, owó ọkọ̀ náà sì ń já wálẹ̀ láti $850 títí tó fi di $260 ní àárín àwọn ọdún 1920. Ó ju mílíọ̀nù 15 lọ tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní 1927.

Ẹ ó lè wà á, ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé ohun tí ẹsẹ̀ yín ti mọ̀. Pẹ́dà mẹ́ta ló ní. Ti òsì ni gíà: bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, ọkọ̀ á rọra lọ; bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá, gíà ńlá ló wọ̀ yẹn, ìyẹn bí bíréèkì ọwọ́ bá ti wà nílẹ̀. Ti àárín ni wọ́n fi ń lọ sẹ́yìn, ti ọ̀tún ni bíréèkì. Ọwọ́ ni ẹ ó fi máa fún un ní epo, lábẹ́ sítíárìn, lápá ọ̀tún.

Ibi tó léwu jù ni títan ẹ́ńjìnnì rẹ̀, bí ó bá jẹ́ irin iwájú ni wọ́n fi ń yí i. Ẹ kọ́kọ́ fa bíréèkì ọwọ́ sókè, kó má baà gbá yín. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ọ̀pá kékeré tó wà lápá òsì sítíárìn lọ sókè pátápátá, kí iná plọ́ọ̀gì lè pẹ́ kó tó ṣẹ́, nítorí bí ó bá tètè ṣẹ́ jù, ẹ́ńjìnnì á ta padà sẹ́yìn, irin náà á sì lè ṣẹ́ yín lápá. Ọwọ́ òsì ni kí ẹ fi fà á sókè, kí àtàǹpàkò yín sì wà lápá kan náà pẹ̀lú àwọn ìka yòókù, kó má ṣe yí irin náà ká. Èmi kì í jẹ́ kí ẹni tí kò rí i rí dá a ṣe; ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tan án lójú yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Abẹ́ ìjókòó ni táǹkì epo wà, epo náà sì ń ṣàn lọ sí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ láìsí pọ́ǹpù; bí iwájú ọkọ̀ bá ga jù, epo kì í lè dé ẹ́ńjìnnì, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi máa ń fi ẹ̀yìn gun òkè tó ga nígbà náà. Ilẹ̀ Houston tẹ́ pẹrẹsẹ, ìyẹn kò lè yọ yín lẹ́nu.