Ìdí Tí Yàrá Ẹ̀rọ Ilé Sinimá Àtijọ́ Fi Dà Bí Ẹ̀wọ̀n

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin olóòtú, kí ló dé tí àwọn ilé sinimá àtijọ́ àárín ìlú fi ní pèpéle níwájú, tí yàrá ẹ̀rọ wọn, níbi tí wọ́n ti ń tan fíìmù sára aṣọ funfun, sì dà bí ẹ̀wọ̀n?

Ìdáhùn: A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Títí di ìparí àwọn ọdún 1920, fíìmù kò ní ohùn, nítorí náà àwọn onílù àti onídùùrù ní láti wà níwájú aṣọ funfun, eré orí ìtàgé a sì máa wáyé kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí pèpéle nìyẹn.

Ti yàrá ẹ̀rọ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fíìmù ìgbà náà, tí wọ́n ń pè ní nitrate, a máa gbiná kíákíá, omi pàápàá kì í tètè pa á, nítorí pé inú ara rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí iná fi ń jó ti ń wá. Bí ẹ bá wo ihò kékeré tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà jáde dáadáa, ẹ ó rí ìlẹ̀kùn irin lókè rẹ̀, èyí tí irin tín-ín-rín gbé dúró. Bí ooru iná bá yọ́ irin náà, ìlẹ̀kùn á já wálẹ̀, á dí ihò náà kí iná má bàa kọjá sọ́dọ̀ àwọn òǹwòran, èrò á sì ráyè sá jáde. Láti nǹkan bí ọdún 1950 ni fíìmù tí kò léwu bẹ́ẹ̀ ti rọ́pò rẹ̀. Ó dùn mí gan-an bí wọ́n bá ti yọ irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ dànù.