Kí la lè fi máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe fún ìlú wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa, ìlú kékeré kan nítòsí Òmù-Àrán. Bí mo bá ṣí máàpù lórí fóònù, ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo máa ń rí tó la ìlú wa kọjá. Kò sí agboolé, kò sí ọjà. Ọmọ mi tó wà ní Yunifásítì Ìlọrin ní àwa fúnra wa lè ṣe máàpù tiwa lọ́fẹ̀ẹ́, tí ará ilé àti ará ìdálẹ̀ á jọ máa ṣí wò. Ọjọ́ ìlú wa ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá. Yàtọ̀ sí kí àlejò mọ ọ̀nà, kí la lè fi ṣe? Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó sì lè bá wa yanjú ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Akọ̀wé. Òótọ́ lọ́mọ yín sọ. Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ìlọrin níbí, inú mi sì dùn sí ìbéèrè yìí gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ààlà kúrò nílẹ̀ ná. Rárá, kò lè yanjú rẹ̀. Fóònù tó dára, bí ẹ tiẹ̀ mú un dúró ní gbangba níbi tí igi àti ilé ò ti bo ojú ọ̀run, ṣì lè fi nǹkan bíi mítà márùn-ún ṣi ibi tí ẹ wà. Púlọ́ọ̀tì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà lágbègbè wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, ojú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 15 lọ. Àṣìṣe mítà márùn-ún ti kó ìdá kan nínú mẹ́ta ojú ilẹ̀ onílẹ̀ lọ. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má fa ìlà ààlà kankan sórí máàpù tí gbogbo ayé máa rí, ì báà jẹ́ ti agboolé sí agboolé, ì báà jẹ́ ti ìlú sí ìlú. Ìlà tí ẹnìkan fi ìka fà lórí fóònù lè di ẹjọ́ tí àwọn àgbà ò ní rí parí. Awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ gbé ìyẹn fún, kó lo ẹ̀rọ tó yẹ, kó sì ri bíkọ́nì, ìyẹn òpó kékeré tó ń sàmì ààlà, mọ́lẹ̀.

Ní ti pé ìlú yín kò hàn, OpenStreetMap ni mo máa kọ́kọ́ ní kí ẹ gbé ọwọ́ lé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 2004. Ẹnikẹ́ni tó bá forúkọ sílẹ̀ lè fi ọ̀nà, ilé ìwé, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà ìlú rẹ̀ sí i. Àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òkè máa wà lójú kọ̀ǹpútà, ẹ ó kàn máa tọ ojú ọ̀nà lórí rẹ̀, ẹ ó sì kọ orúkọ tí ìlú ń pè é. Àwọn ọ̀dọ́ yín tó mọ kọ̀ǹpútà lè ṣe é láàárín ìsinmi ilé ìwé. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé àwọn áàpù bíi Organic Maps ń lò ó, ìyẹn sì ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà bí èèyàn bá ti gbé máàpù náà sórí fóònù tẹ́lẹ̀. Àlejò tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já fún lójú ọ̀nà á ṣì rí ìlú yín.

Àmọ́ ohun tí kò ní tètè yí padà nìkan ni kí ẹ fi síbẹ̀. Èyí tó ń yí padà àti èyí tó jẹ́ ìtàn yín, ẹ ṣe máàpù tiyín fún un lọ́tọ̀. Google My Maps wà fún ẹni tó bá ní Gmail. Ó fàyè gba ìpele mẹ́wàá lórí máàpù kan, bí ìwé tín-ín-rín tí wọ́n tò léra wọn, tí èèyàn lè tan tàbí kó pa bó bá ṣe wù ú. uMap náà wà, ìkànnì mìíràn tí wọ́n ti ń ṣe irú máàpù bẹ́ẹ̀ lórí OpenStreetMap, kò tiẹ̀ pọn dandan kí èèyàn forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ tọ́jú líǹkì tí ẹ ó máa fi tún un ṣe dáadáa, torí bó bá sọnù, ó di wàhálà. Orí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ méjèèjì ti rọrùn jù.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ fi ọ̀rọ̀ omi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí ọ̀dọ́ méjì mẹ́ta yí ìlú po, kí wọ́n dúró ti kànga àti bohóòlù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tẹ ojú ibẹ̀ pẹ́ díẹ̀ lórí Google Maps títí àmì pupa á fi jáde pẹ̀lú nọ́ńbà méjì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n bá kọ tẹ̀ lé nọ́ńbà yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Bí wọ́n bá kọ “bohóòlù” lásán, kò tíì sọ nǹkan kan fún wa. Ó yẹ kó rí báyìí: “Bohóòlù iwájú ilé Ọ̀dọ̀fin. Ọwọ́ la fi ń fà á. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ máa ń gbẹ láti oṣù Kìíní títí òjò á fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ níbẹ̀ ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. A débẹ̀ ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta.” Ọjọ́ tí ẹ débẹ̀ yẹn, ẹ má gbàgbé rẹ̀ láé. Bohóòlù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dún tó kọjá lè ti bàjẹ́ báyìí, máàpù tí kò bá sì ní ọjọ́ lára á ran aláboyún lọ síbi tí kò sí omi. Ẹ fi àwọ̀ ewé sí èyí tí kì í gbẹ, ìyeyè sí èyí tó ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, pupa sí èyí tó ti kú.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n bi àwọn tó ń pọnmi ní agboolé kọ̀ọ̀kan léèrè pé: àlọ, ìlà títò àti àbọ̀, ìṣẹ́jú mélòó ni? Ìṣẹ́jú 30 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF fi ṣe òdiwọ̀n. Bó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kì í ka ilé náà mọ́ àwọn tí omi súnmọ́ tó. Ẹ wá gbé ìṣẹ́jú wọ̀nyí sórí ìpele kejì lára máàpù kan náà. Ibi tí ìlú ti ń jìyà omi á fara hàn kedere. Bí ọmọ ìlú kan ní Èkó tàbí Amẹ́ríkà bá ní òun fẹ́ gbẹ́ bohóòlù, ẹ ó lè fi ibi tó ti máa ran èèyàn lọ́wọ́ jù hàn án. Bí ẹ bá sì ń kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, líǹkì máàpù yìí á gbe ìwé yín lẹ́sẹ̀ ju ẹ̀bẹ̀ lásán lọ.

Kí ẹ má rò pé mò ń sọ àsọdùn. Nígbà tí wọ́n ń lé àrùn rọpárọsẹ̀ jáde ní Nàìjíríà, wọ́n rí i pé àwọn abúlé kan lókè Ọya kò sí lórí máàpù tí àwọn tó ń fún ọmọdé ní àjẹsára fi ọwọ́ yà. Àwòrán sátẹ́láìtì ni wọ́n fi wá wọn rí. Ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò rọpárọsẹ̀ ti ìpìlẹ̀ṣẹ̀. Máàpù nìkan kọ́ ló ṣe é, ṣùgbọ́n ọmọ tí abúlé rẹ̀ kò sí lórí máàpù, ta ni ì bá gbé àjẹsára lọ bá a?

Ohun tó tún wù mí gan-an ni ìtàn agboolé. Ẹ fi àmì sí ẹnu ọ̀nà agboolé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ṣí wá. My Maps máa ń gba fọ́tò, ó sì ń gba fídíò YouTube. Bí ìyá àgbà kan bá wà tó mọ oríkì ilé náà, ẹ gba ohùn àti àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àyè rẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ àmì yẹn. Ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù á tẹ ojú ilé bàbá rẹ̀, á gbọ́ oríkì ara rẹ̀. Ìtàn kan lè ní ẹnu méjì, nítorí náà ẹ kọ ẹnu ẹni tí ẹ ti gbọ́ ọ, bí àwọn àgbà méjì bá sì ta kora, ẹ kọ ti àwọn méjèèjì. Olùkọ́ ìtàn ní ilé ìwé yín lè gbé iṣẹ́ yìí lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.

Ti ọjọ́ ìlú kò le. Ibi ìgbọ́kọ̀sí, ibi oúnjẹ, ilé ìyàgbẹ́, ilé ìwòsàn. Ẹ fi ọ̀nà tó lọ sí Èsìẹ́ kún un, kí àlejò lè ya ilé àwọn ère òkúta, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1945. Ẹni tó bá ráyè kó tún dé Òwu, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta.

Ní àkókò tí àwọn ajínigbé ń da Kwara gúúsù láàmú yìí, àwọn nǹkan kan wà tí wọn ò gbọ́dọ̀ dé orí máàpù gbangba: ibi tí àwọn ọlọ́dẹ àti fijilanté ń ṣọ́, ipa ọ̀nà oko, ilé àgbàlagbà tó ń dá gbé, nọ́ńbà fóònù èèyàn. Igbó àti ojúbọ náà, ẹ bi àwọn tó ni ín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀kọ́ kékeré kan fún àwọn ọ̀dọ́ yín: fóònù kò nílò dátà láti mọ ibi tó wà, ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì ló ti ń gbà á. Nínú nọ́ńbà méjì tó máa jáde pẹ̀lú àmì pupa, 8 ló máa bẹ̀rẹ̀ èkíní, 5 ló máa bẹ̀rẹ̀ èkejì. Bí wọ́n bá kọ èkejì ṣáájú, àárín Uyo sí Calabar ni ìlú yín máa bọ́ sí. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú Excel: orúkọ, nọ́ńbà èkíní, nọ́ńbà èkejì, àlàyé. My Maps á gbé e wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ní àṣẹ láti tún máàpù náà ṣe. Akọ̀wé máa ń yí padà, fóònù sì máa ń sọnù. Ẹni mẹ́ta dára. Kí ẹ tó fi líǹkì ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹgbẹ́, ẹ kọ́kọ́ ṣí i lórí fóònù ẹnìkan tí kò sí nínú ìgbìmọ̀. Bó bá ní kó lọ tọrọ àyè, a jẹ́ pé ẹ kò tíì ṣí i fún gbogbo èèyàn. Ẹ padà síbi tí wọ́n ti ń pín in, kí ẹ yàn án pé ẹnikẹ́ni tó bá ní líǹkì lè wò ó, ṣùgbọ́n kí ó má lè yí nǹkan kan padà níbẹ̀.