Báwo ni mo ṣe lè sọ PDF di àwòrán tí fáàsì máa gbà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ètò tí mo fi ń rán fáàsì láti orí kọ̀ǹpútà kì í gba Word tàbí PDF, TIFF, irú fáìlì àwòrán kan, nìkan ló ń gbà. Mo sọ PDF mi di TIFF, ó kọ̀ ọ́. Mo tún un ṣe, ó gbà á, àmọ́ ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí ní àwọn lẹ́tà aláwọ̀ eérú ti pòórá, àmì iléeṣẹ́ wa tó wà lókè ìwé di dúdú kirikiri, ìwé náà sì pẹ́ gan-an kó tó wọlé tán. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ ṣàlàyé ohun tí ẹ rí dáadáa. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ṣẹlẹ̀, orísun kan náà ni wọ́n ti wá. Fáàsì tó wọ́pọ̀ kò mọ àwọ̀ kankan ju dúdú àti funfun lọ. Tí ẹ kò bá fúnra yín pinnu ohun tí yóò di dúdú àti ohun tí yóò di funfun, ètò orí kọ̀ǹpútà á bá yín pinnu rẹ̀, kò sì mọ ohun tó ṣe pàtàkì nínú ìwé yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti fáìlì tí wọ́n kọ̀. Àpò ni TIFF. Fọ́tò aláwọ̀ mèremère lè wà nínú rẹ̀, ìwé dúdú òun funfun náà lè wà nínú rẹ̀. Èyí tí fáàsì ń fẹ́ ni bit kan (0 tàbí 1) fún pixel kan, ìyẹn àmì kékeré tí wọ́n fi ń to àwòrán jọ, tí a fi ìlànà fáàsì tó ń jẹ́ Group 3 fún pọ̀. Láti ọdún 1980 ni ìlànà yẹn ti wà, T.4 ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ITU, àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ìlànà ìbánisọ̀rọ̀. Ìlànà náà sọ bí ojú ìwé ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó: ìlà kọ̀ọ̀kan A4 jẹ́ pixel 1728, kò gbọ́dọ̀ lé, kò gbọ́dọ̀ dín. Ibí yìí ló ti ń ṣòro fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Fáàsì ń to pixel 204 sínú íńṣì kan, ìwé A4 sì fẹ̀ tó mìlímítà 210. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, 1687 lẹ máa rí. Ìlà fáàsì fẹ̀ ju ìwé lọ díẹ̀, ó tó mìlímítà 215, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ fi funfun kún pixel 41 tó kù. Ètò kan máa ń bá yín kún un, òmíràn á kàn kọ fáìlì náà láìsọ ìdí.

Ní ti òòró ìwé, ẹ lè yàn: ìlà 98, 196 tàbí 391 nínú íńṣì kan. Ẹ mú 196. Tó bá jẹ́ Yorùbá lẹ kọ, ẹ má tilẹ̀ ronú kan 98 rárá. Lẹ́tà oníwọ̀n 12 kò ní ju ìlà 16 lọ lórí rẹ̀, àmì tó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ sì lè má rí ju ìlà kan lọ. Ìlà kan ṣoṣo yẹn ló ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára oko.

Tí ẹ bá wá ṣí TIFF onílà 98 lójú kọ̀ǹpútà, tí ẹ rí i pé ìwé náà kúrú, ó sì fẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi nǹkan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ má ṣe nà án. Pixel fáàsì kì í ṣe onígun mẹ́rin tó dọ́gba. Ẹ̀rọ tó máa gbà á ló máa nà án padà.

Ó kan ti pípẹ́ tó pẹ́, èyí sì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Fáàsì kì í ka pixel lọ́kọ̀ọ̀kan. Iye funfun tó tẹ̀ léra ló ń kà, lẹ́yìn náà iye dúdú tó tẹ̀ léra, títí ìlà yóò fi parí. Ìlà tó funfun láti etí dé etí, tòun ti pixel 1728 rẹ̀, bit 17 péré ni wọ́n fi ń kọ ọ́, yàtọ̀ sí bit 12 tó ń sàmì sí òpin ìlà. Èyí dára púpọ̀ fún lẹ́tà, torí pé funfun ló pọ̀ jù nínú ìwé. Ṣùgbọ́n tí ètò kan bá fẹ́ fi àwọ̀ eérú hàn, ńṣe ló máa ń fọ́n àmì dúdú wínníwínní ká: funfun kan, dúdú kan, funfun kan, dúdú kan. Funfun kan ṣoṣo ń gba bit 6, dúdú kan ṣoṣo ń gba 3. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: pixel méjì tí ìbá gba bit méjì ti gba mẹ́sàn-án! Fífún pọ̀ ti di fífẹ̀ lójú. Ojú ìwé kan onílà 196 tó nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin pixel, iyára modem fáàsì tó wọ́pọ̀ (ẹ̀rọ tó ń gbé ìsọfúnni gba orí wáyà tẹlifóònù) sì jẹ́ bit 14,400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láìfún un pọ̀ rárá, ojú ìwé yẹn á gba ìṣẹ́jú mẹ́rin ó lé. Ìwé tí wọ́n fọ́n àmì sí níbi gbogbo lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, inú ìwé Word gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ gbogbo lẹ́tà di dúdú, ẹ yọ àwọ̀ tó wà lẹ́yìn tábìlì, ẹ fi àmì iléeṣẹ́ tó jẹ́ ìlà dúdú lásán rọ́pò aláwọ̀. Pupa lórí búlúù tó dúdú hàn kedere sí ojú èèyàn, àmọ́ dúdú ni méjèèjì lójú fáàsì. Mo ti rí ìwé àdéhùn tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín láìní ìbuwọ́lùwé, nítorí pé bírò búlúù tó mọ́lẹ̀ ni wọ́n fi buwọ́ lù ú. Bírò dúdú ni kí ẹ máa lò.

Ẹ wá sọ Word di PDF, kí ẹ rí i pé fọ́ǹtì (irú lẹ́tà tí ẹ fi kọ ọ́) wà nínú rẹ̀. Ghostscript, ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń sọ PDF di àwòrán, á ṣe ìyókù. Ẹ tẹ èyí síbi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà:

gs -q -dBATCH -dNOPAUSE -sDEVICE=tiffg3 -r204x196 -sPAPERSIZE=a4 -dFIXEDMEDIA -dPDFFitPage -sOutputFile=iwe.tif iwe.pdf

Lórí Windows, gswin64c ni kí ẹ kọ dípò gs. Ó máa ń fẹ ìlà A4 dé 1728 fúnra rẹ̀, ó sì ń to gbogbo ojú ìwé sínú fáìlì kan. Tí wọ́n bá ṣì kọ̀ ọ́, ẹ fi -dFillOrder=2 kún un; àwọn ètò kan ń ka bit láti òdìkejì. Ẹ lè kọ tiffg4 dípò tiffg3 kí fáìlì lè kéré sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ètò fáàsì ló ń gbà á, ẹ jẹ́ kí tiffg3 ṣiṣẹ́ ná.

Tó bá jẹ́ ìwé tí ẹ ya àwòrán rẹ̀ ni, tí ẹ kò lè yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ImageMagick, ètò mìíràn fún àwòrán, ní àṣẹ kan tó ń jẹ́ -threshold. Tí ẹ bá fi sí 60%, ohun tó mọ́lẹ̀ ju ìyẹn lọ á di funfun, èyí tó kù á di dúdú ṣinṣin, láìsí àmì wínníwínní kankan. Ẹ fi -background white àti -alpha remove ṣáájú rẹ̀, kí ibi tí kò ní àwọ̀ má baà di dúdú.

Kí ẹ tó rán an, ẹ ṣí TIFF náà, ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ ka nọ́ńbà tó kéré jù lọ nínú rẹ̀. Tí 3 bá ti fẹ́ jọ 8 lójú yín, ẹ padà sínú Word, kí ẹ mú lẹ́tà náà tóbi sí i.