Ẹ má fi bisikíìtì gbé ọjọ́ yín ní Old Delhi

Ẹ kọ̀wé sí mi pé ẹ gbé màmá yín wá gba ìtọ́jú ní Delhi, ní India. Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o. Ọlọ́run á jẹ́ kí ara wọn yá. Ẹ ní ọjọ́ kan péré lẹ máa ráyè fi rìn káàkiri Old Delhi, apá àtijọ́ ìlú náà, kí ẹ tó padà sílé, ẹ̀rù inú rírun sì mú yín débi pé bisikíìtì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ fẹ́ máa jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Delhi ni mo ti kàwé. Mo jẹun ní àdúgbò yẹn títí ó fi mọ́ mi lára, inú sì ti run mí níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ ohun tí mò ń sá fún.

Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti orí iná bọ̀ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Omi ẹ̀rọ ni kí ẹ ṣọ́ra fún, àti yìnyín, èso tí wọ́n ti gé sílẹ̀, àti ọbẹ̀ tútù tó ti wà nínú abọ́ láti àárọ̀. Omi inú ike ni kí ẹ rà, kí ẹ sì wò ó pé ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí ìdérí rẹ̀. Ibi tí èrò bá ti ń wọ́ lọ ni kí ẹ ti jẹun, torí oúnjẹ kì í pẹ́ nílẹ̀ níbẹ̀.

Red Fort, odi pupa tí àwọn ọba àtijọ́ kọ́, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ láàárọ̀ (wọn kì í ṣí i ní ọjọ́ Mọ́ńdè). Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin (metro) Lal Quila. Ẹ má jẹun yó kí ẹ tó dé ibẹ̀. Tí ẹ bá jáde, Chandni Chowk, òpópónà ọjà ńlá, ló kọjú sí yín. Ní ẹnu ọ̀nà àdúgbò Dariba Kalan, ẹ ra jalebi díẹ̀, ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n ń yí ká sínú òróró gbígbóná, tí wọ́n á wá rì bọ omi ṣúgà. Ó dùn gan-an, kékeré ti tó.

Níwájú díẹ̀ ni Gurudwara Sis Ganj Sahib, ilé ìjọsìn àwọn ẹlẹ́sìn Sikh, wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ́ orí Guru Tegh Bahadur, olórí kẹsàn-án àwọn Sikh, ní 1675. Ẹ má kọjá ibẹ̀ láìwọlé. Ẹ ó bọ́ bàtà, ẹ ó bo orí, ẹ ó fọ ọwọ́, ẹ ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìlà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, olówó àti tálákà. Ẹni tó ń pín roti, búrẹ́dì pẹlẹbẹ, á dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ó sì tẹ́ ọwọ́ méjèèjì gbà á bí ọmọ tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Wọ́n á bu dal, ọbẹ̀ ẹ̀wà wẹ́wẹ́, sínú àwo yín. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ẹ má ṣẹ́ oúnjẹ kù. Nínú gbogbo oúnjẹ tí mo jẹ ní Delhi, èyí ni mo fẹ́ràn jù.

Paranthe Wali Gali, òpópónà tóóró tí wọ́n ti ń ta paratha, kò jìnnà síbẹ̀. Wọ́n á di ọ̀dùnkún tàbí ẹ̀wà tútù sínú ìyẹ̀fun, wọ́n á fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, wọ́n á dín in nínú ghee (òróró bọ́tà) lójú yín. Ilé oúnjẹ àtijọ́ ibẹ̀ kì í fi àlùbọ́sà tàbí aáyù sí i, síbẹ̀ kò tẹ́ lẹ́nu rárá. Ẹ̀yin méjì lè pín ẹyọ kan.

Tí ẹsẹ̀ bá ṣì gbé yín, ẹ dé Khari Baoli, ọjà kànáfùrù, ata gbígbẹ àti ata ilẹ̀ pupa. Ẹ ó wúkọ́, gbogbo ayé ló ń wúkọ́ níbẹ̀.

Jama Masjid, mọ́sálásí ńlá, ló kù nírọ̀lẹ́. Àlejò kì í wọlé lásìkò ìrun, nítorí náà ẹ lo àsìkò yẹn láti jẹun ní òpópónà Matia Mahal. Karim's, ilé oúnjẹ tó ti wà láti 1913, wà nítòsí ibẹ̀. Ẹ béèrè seekh kebab, ẹran lílọ̀ tí wọ́n fi irin sun. Ẹ má béèrè ẹran màlúù. Ẹran ewúrẹ́ wọn dára púpọ̀.

Ẹ ṣẹ́ owó rupee sí wẹ́wẹ́ kí ẹ tó jáde, torí fóònù ni wọ́n sábà fi ń sanwó níbẹ̀, ṣéńjì lè má sí. Ti màmá, ẹ bi dókítà wọn léèrè kí ẹ tó gbé ohunkóhun lọ fún wọn. Bó bá gbà, dal àti roti ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò.