Ẹ má dúró kí péárì Comice pọ́n lórí igi

ÌBÉÈRÈ: Igi péárì kan wà lẹ́yìn ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aládùúgbò wa ní irú péárì ilẹ̀ Yúróòpù kan tí wọ́n ń pè ní Doyenné du Comice ni. Mo fi èso rẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi pọ́n lórí igi, àmọ́ nígbà tí mo là á, àárín rẹ̀ ti dúdú, ó sì rí bí ẹní ń jẹ iyanrìn. Àmì pupa rúsúrúsú tún wà lára awọ rẹ̀. Ẹnìkan ní àrùn ni, ó fẹ́ ta oògùn fún mi. Ẹlòmíràn ní kí n ká a ní tútù, kí n fi kábáàdì sí i kó lè pọ́n. — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ má ra oògùn kankan. Ohun tí ẹ kọ yìí kò jọ àrùn. Ẹ pẹ́ kí ẹ tó ká a ni.

Ọdọọdún ni mo ń dáhùn ìbéèrè yìí, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń fi í pawó. Péárì ilẹ̀ Yúróòpù, láti inú ló ti ń rọ̀ bọ̀ wá síta. Kí awọ tó pọ́n lójú yín, ibi tí kóró wà ti rọ̀ kọjá ààlà, ó ti ń dúdú. Iyanrìn yẹn, sẹ́ẹ̀lì líle tó wà lára péárì ni. Ó máa ń hàn sí i bí èso bá pẹ́ lórí igi.

Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí à ń bẹ́ ní tútù kó lè pọ́n nílé ni kí ẹ ṣe mú un. Ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí oṣù kẹwàá ni Comice máa ń tó ká. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbé èso kan sókè títí yóò fi dùbúlẹ̀ gbalaja. Bí ìdí rẹ̀ bá já wẹ́rẹ́, ó ti tó nìyẹn, bó tilẹ̀ le koko. Bí kò bá já, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ sí i.

Ẹ wá kó o sínú fíríìjì fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nítorí Comice kì í rọ̀ dáadáa láìjẹ òtútù. Lẹ́yìn náà, ẹ máa kó díẹ̀díẹ̀ jáde sí ilé ìdáná, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá ti rọ̀ díẹ̀, ẹ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Tí ẹ bá dúró kí ikùn rẹ̀ rọ̀, àárín á ti bàjẹ́.

Kábáàdì kẹ̀? Ẹ má dán an wò! NAFDAC ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní Nàìjíríà, nítorí ó lè ní ásẹ́níìkì nínú, májèlé sì ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó pọ́n, nínú àpò pépà pẹ̀lú péárì náà, ti tó. Gáàsì ethylene tó ń tú jáde ló ń mú èso rọ̀ kíákíá.

Àmì rúsúrúsú yẹn, àbínibí Comice ni. Èso tó sanra ni, ọrùn rẹ̀ kúrú, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ìkànra díẹ̀ á ti ṣá a lọ́gbẹ́. Ìlú Angers ní ilẹ̀ Faransé ni igi àkọ́kọ́ ti so ní 1849, nínú ọgbà ẹgbẹ́ àwọn ológbìn tó ń jẹ́ Comice Horticole. Tó bá rọ̀ bó ṣe yẹ, ó ń yọ́ lẹ́nu ni, omi rẹ̀ á máa ṣàn dé ọrùn ọwọ́. N kò tíì jẹ péárì tó dùn tó o.

Mi ò rí igi yín o. Bí ẹ̀ka rẹ̀ bá ń gbẹ, tí ewé dúdú bí èyí tí iná jó, ẹ pe onímọ̀ nípa igi. Bí òdòdó igi birch bá sì máa ń mú yín sín, péárì lè mú kí ẹnu yín máa yún yín; ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó jẹ ẹ́.

Èyí tó ṣẹ́kù lórí igi, ẹ ká gbogbo rẹ̀ lónìí. Ẹ gé àárín dúdú sọnù, ẹ se ìyókù pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀. Èyí tó bá ti bu, ẹ dà á nù.